Orúkọ Tó Wà Nínú Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́, Agbowó

Wọn ò fún mi ní físà. Ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ l'Ékòó ní kò dá wọn lójú pé ìgbéyàwó wa jẹ́ òótọ́.

Òyìnbó tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbẹ̀ bi mí lórúkọ àbúrò ọkọ mi obìnrin. Kí n tó ronú, mo ti sọ pé, "Adúmáadán." Bọ́sẹ̀dé ni ọkọ mi kọ sí fọ́ọ̀mù. Mo ṣàlàyé pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, pé èmi ni mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ó kàn ń kọ̀wé lọ ni.

Ọkọ mi pè láti òkè òkun lọ́hùn-ún. "Kí ló dé tí o ò kàn dárúkọ ọmọ yẹn?"

Ìyá ẹ̀ ló kọ́ mi, lọ́sẹ̀ tí mo wọlé wọn.

Nígbà tí mo délé, Adúmáadán ló ṣí géètì, ó fẹ́ gba báàgì mi.

"Bọ́sẹ̀dé, fi sílẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró sórí báàgì. Ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ láti pálọ̀: "Ta ló ń pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni mo pè."