Kí Ẹ̀rọ Tó Wọlé, Kí Ọmọ Jáde

Ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní àlàáfíà, a jẹ́ pé àdúrà tí èmi àti ìyá rẹ ń gbà láti ọjọ́ Ajé kò já sí asán. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ìyàwó rẹ? Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń rá kiri gbogbo ilé, àbí ikọ́ tó ń wú lọ́jọ́sí ti dá a dùbúlẹ̀? Má ṣe fèsì pé kò sí nǹkan. Nígbà tí o wà ní kékeré, kò sí nǹkan ni o máa ń wí, ibà á sì ti wọ̀ ọ́ lára tán. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí etí wa gbọ́ ohun tí yóò lé oorun lójú wa. Kí ó ṣọ́ àtijáde yín, kí ó ṣọ́ àtiwọlé yín, kí ó sì ṣọ́ ìgbà tí ẹ bá wà nínú ilé, nítorí ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Àwa tí a wà nílé ń mí. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì ń ro mí bí òjò bá ti ṣú. Òrùlé ń jò sórí àpótí ìwé mi, mo gbé àpótí náà kúrò níbẹ̀, ó wá ń jò síbi tí mo gbé e sí. Mo ti ta àwọn igi tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ní ọdún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí, owó wọn sì wà nípamọ́. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti gé wọn, ilé wa dà bí ẹnu tí eyín iwájú ti ká. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ ọmọ ni a fi eyín náà ṣe.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà. O ní ilé iṣẹ́ tí o ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ ti ti ilẹ̀kùn, pé ọ̀gá yín kó lọ láìdágbére, pé owó ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé sún mọ́, nítorí náà inú yàrá kan ṣoṣo tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé ni o ti fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ náà. O ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta tí o fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sínú fóònù, nígbà tó jẹ́ owó igi ni a ó fi rà á. O tún ní ọ̀rẹ́ rẹ kan fẹ́ yá ọ ní tirẹ̀ kí ẹ fi máa dánra wò kí tìrẹ tó dé. Ó dùn mọ́ mi pé o fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Àmọ́ láti ìgbà náà ni mi ò ti sùn dáadáa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé rúlà lé àwòrán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú fóònù. Kò ju ìka mi méjì lọ. Inú mi dùn, mo ní irú èyí, ojú fèrèsé lásán ni yóò jókòó sí. Mo fi han káfíńtà ojúlé kejì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ìdiwọ̀n nítorí pé tépù kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó wo fóònù, ó wo rúlà, ó wá bi mí pé ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ẹ ṣe mọ nínú fọ́tò tó wà lára ògiri yín yẹn náà ni ẹ ṣe mọ lórí ìdúró? Mo gbé rúlà mi kúrò lórí fóònù. Ó pẹ́ kí ọkàn mi tó balẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé mo ti fẹ́ sọ fún ọ pé kó o rà á.

Ẹ̀rọ kejì ni èyí tó ní apá mẹ́rin, tí apá kọ̀ọ̀kan ń gbé férémù tirẹ̀, èyí tí íńkì ń gbà kọjá sára aṣọ. Wọ́n pè é ní kékeré. Kékeré tó ní apá mẹ́rin. Mo rò ó títí: ìwọ yóò di apá kan mú, ìyàwó rẹ yóò di ọ̀kan mú, ta ni yóò di méjì tó kù mú? Ẹlẹ́rìn-ín kò tíì lè di ife omi mú kó má dà á. Baba Ìdiwọ̀n ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo rẹ̀ po. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin tó ń jẹ oúnjẹ ẹnì kan, kì í pẹ́ tí yóò fi gbẹ.

Ẹ̀kẹta, ìràwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún un nínú márùn-ún. Ìràwọ̀ karùn-ún ni mò ń rò. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ kì í gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Nísàlẹ̀ ìràwọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tó ra ẹ̀rọ yìí tún ra ìbọ̀wọ́, wọ́n ra awò tí a fi ń bo ojú, wọ́n sì ra ìbomú. Ọmọ mi, kí ló ṣe ọwọ́ wọn? Kí ló bọ́ sí wọn lójú? Èèyàn kì í ṣàdédé lọ ra ohun tí yóò fi bo imú. Wọ́n ní àwọn fọwọ́ sọ̀yà fún un fún ọdún kan gbáko. Ewúrẹ́ ìyá rẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sọ̀yà fún ti lo ọdún méje.

Nígbà tí mi ò rí ojútùú rẹ̀, mo ní kàkà kí n máa fi ojú inú wò ó, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi wò ó. O ti kọ ìbú àti òró yàrá yín sínú lẹ́tà. Mo kó àga pálọ̀ síta, Baba Ìdiwọ̀n fi tépù wọ̀n ọ́n, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa yàrá yín sílẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Àpótí pákó ni ẹ̀rọ, bẹ́ǹṣì ni ibi tí ẹ ó máa sá aṣọ sí, garawa ni ibi tí ẹ ó ti máa fọ férémù. Mo tẹ́ ẹní ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ìyá rẹ gbé omi kọjá, ó gba àárín ìlà lọ, mo ní kó padà, pé ògiri ló gbà kọjá yẹn, kó lọ gba ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, òun kò tíì rí ilẹ̀ tó ń béèrè ìkíni. Baba Ìdiwọ̀n ní kí ìyá san owó ilé kí wọ́n tó jókòó. A rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

O ti sọ pé fèrèsé yóò máa wà ní títì, pé eruku kò gbọdọ̀ bà sára íńkì tútù, àti pé ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan oje tí ẹ ń pa sára férémù láti fi mú àwòrán kí ó tó gbẹ. O sì sọ pé níwọ̀n ìgbà tí iná mànàmáná kì í dúró, ààrò èédú ni ẹ ó máa gbé sílẹ̀ kí ara aṣọ lè tètè gbẹ. Èmi kò fẹ́ ṣe é ní ìdajì. Mo ta tapólì yí ìlà náà ká, mo tún fi òmíràn bò ó lórí, mo ká etí rẹ̀ kan sókè níbi tí ẹnu ọ̀nà wà. Mo gbé ààrò tí èédú rẹ̀ ti pọ́n kalẹ̀ síbi tí o ní yóò wà. Ìyá rẹ wọlé lọ dùbúlẹ̀ síbi ti ìyàwó rẹ. Ó wá ku àyè Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní a kò lè fi ìrọ̀rí ṣe ọmọ, pé ohun tó ń mí ni kí a fi síbẹ̀. Adìẹ rẹ̀ pupa ń sàba lọ́wọ́ nínú apẹ̀rẹ̀. A gbé e wọlé tòun tẹyin, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

Èmi àti Baba Ìdiwọ̀n jókòó síta, à ń jiyàn lórí apá mẹ́rin. Nígbà tó yá, ìyá rẹ jáde, ó di iwájú orí mú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní ó tètè sú u, pé ìyàwó ọmọ wa kò ní ráyè jáde bẹ́ẹ̀. Ó bu omi mu. A tún jókòó pẹ́ kí n tó wọlé.

Adìẹ náà wà lórí ẹyin rẹ̀. Ó na ìyẹ́ méjèèjì bò wọ́n, ọrùn rẹ̀ dẹ̀ sí etí apẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó sùn ni. Kò sí èéfín níbẹ̀, ọmọ mi, mo wò ó dáadáa. Èédú pọ́n, kò rú, kò rùn. Mò ń wá ohun tó pa á, mi ò rí i. Ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ gbà jáde, adìẹ náà lè gba ibẹ̀ jáde, àmọ́ ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Baba Ìdiwọ̀n ká tépù rẹ̀, ó kó o sápò, ó sì lọ sílé láìdá àpárá kankan. Ìyá rẹ dúró síbẹ̀, ó ní ṣé mo rí i, ìyàwó ọmọ wa náà kò ní jáde. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí ni. Orí náà sì ń fọ́ ọ di òní.

Nítorí náà mo ti yàn. Mi ò yan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Baba Ìdiwọ̀n ń fi ìyókù igi wa ṣe ọ̀kan: pákó pẹrẹsẹ kan pẹ̀lú ìdè irin méjì, férémù kan ṣoṣo lórí rẹ̀, tí o lè gbé síta kí o sì gbé wọlé bí tábìlì ìkẹ̀kọ̀ọ́. Ó tún ń kan àpótí kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ibẹ̀ ni kó o máa tọ́jú férémù sí títí oje rẹ̀ yóò fi gbẹ. Férémù ló fẹ́ òkùnkùn, kì í ṣe ẹ̀yin. Íńkì tí a ń fi omi ṣàn ni kó o rà, kí o sì fi oòrùn sá aṣọ. Bí onílé yín bá ní ẹ kò gbọdọ̀ ta okùn síta, jẹ́ kó dúró dè mí, èmi fúnra mi yóò bẹ̀ ẹ́. Bí o bá ṣì fẹ́ lo ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ, má gbé e wọlé. Kí ẹ̀rọ tó wọlé, kí ọmọ kọ́kọ́ jáde. Mò ń bọ̀ wá mú Ẹlẹ́rìn-ín, yóò wà lọ́dọ̀ wa títí o ó fi rí ibòmíràn ṣiṣẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ bá a wá, ẹní wà nílẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé owó igi wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ owó iṣẹ́ ni, bí mo bá fi wọ ọkọ̀, a jẹ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nìyẹn. Kó o sì fi díẹ̀ sí i, kí n lè ra òògùn orí fún ìyá rẹ.

Mo ti ń pe fóònù rẹ láti ìgbà tí adìẹ ti kú. Obìnrin kan ló ń gbé e. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá yín, kó wò ó bóyá ẹ ń sùn ni. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà, bíi pé ọmọ rẹ̀ kọ́ ni. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Mo ti sọ fún awakọ̀ tó mú un wá pé kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ìwọ, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí Ẹlẹ́rìn-ín kó tó padà.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún mi. O kò ní fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sunkún, o kò ní ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn wá kó o lọ. Èmi ni kí o sin, èmi kò ní sin ọ́.

Bí ó bá jẹ́ inú yàrá náà ni o ti ń ka lẹ́tà yìí, dìde, lọ ṣí fèrèsé. Ó yẹ kí n ti kọ ìyẹn sí òkè pátápátá, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé ìkíni ló ń ṣáájú.

Èmi ni bàbá rẹ.