Òróró Lórí Okùn Ìmọ́lẹ̀

                                        Ilé Kejìlá,
                                        Òpópónà Odò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Motọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù ilẹ̀ Jámánì o, ìwọ àti ará ilé rẹ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọládélé ọkọ rẹ ńkọ́? Ìtùnúolúwa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ oúnjẹ ilé ìwé wọn, àbí iyán ló ṣì ń bèèrè? Mo lọ kí màmá rẹ ní Ògòtún lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ara wọn le, wọ́n ní ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀. Ní tèmi, mo ṣáà ń mí.

Okùn gíláàsì tí o fi ránṣẹ́ sí mi ti bàjẹ́. Mo sọ ọ́ báyìí kí ọkàn mi lè fúyẹ́, kò sì fúyẹ́. Oṣù mẹ́rin lo fi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n tó jẹ́ kí o lo ẹ̀rọ wọn. O fi wúrà bo okùn, o tẹ́ gíráfíìnì lé wúrà lórí, èyí kan ṣoṣo tó yọrí nínú mẹ́fà lo sì fún mi. Kò bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, olè kò jí i. Àdúrà la fi bà á jẹ́.

O mọ Dókítà Oyèkọ́lá, ọ̀gá ẹ̀ka físíìsì wa. Mo to ẹ̀rọ tí a ó fi okùn náà yẹ omi wò tán, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ lò ó láìyà á sí mímọ́. O mọ̀ wá níbí: bọ́ọ̀sì, jẹnẹrétọ̀, àga tuntun, kò sí èyí tí a kì í ta òróró sí. Èmi tí n kò gbọ́n ní kí bàbá mi wá gbàdúrà, torí alàgbà ìjọ ni wọ́n ní Ìṣẹ́-Èkìtì, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ọmọ wọn ṣe. Ìgbéraga ni, kí n má purọ́.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Jímọ̀ nínú agbádá funfun. Mo ṣàlàyé fún wọn pé inú okùn tó tín-ín-rín bí irun yìí ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Níbi tí a ti bó èèpo rẹ̀, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀. Lórí wúrà ni gíráfíìnì wà, ẹbí ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó, tó bá wà nínú omi, á lẹ̀ mọ́ gíráfíìnì, wúrà á mọ̀ ọ́n lára, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì á yí padà, kòtò tó wà láàárín ìlà ojú kọ̀ǹpútà á sì sún. Wọ́n ní Ọlọ́run tóbi. Mo kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibi tí a bó.

Nígbà tí àdúrà gbóná, bàbá mi da òróró sọ́wọ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò fa àgbélébùú sórí ibẹ̀ gan-an. Mo kígbe. Wọ́n la ojú kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ùbùkún Olúwa kì í ba uṣẹ́ jẹ́.” Kòtò ojú kọ̀ǹpútà sì sún, ó sún gidi, gbogbo yàrá hó yè, wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu dé. Motọ́láyọ̀, òróró ló rí! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pé pérépéré níṣẹ́jú yẹn, èmi nìkan ló sì mọ̀. Oyèkọ́lá fa hánkáṣíìfù yọ, ó nù ún gírígírí. Mi ò ní pè é ní “wọ́n” mọ́ láti ibí lọ, fojú fò ó.

Lọ́jọ́ Ajé a gbé e lọ sí kànga àdúgbò bàbá mi ní Ìṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi pákó bò ó, nítorí àwọn tó ń fín kòkó ń fọ ẹ̀rọ wọn lẹ́bàá rẹ̀, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Tìtorí kànga yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo ti okùn bọ omi, ìlà nà tọ́ọ́rọ́, kò ní kòtò rárá. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi omi ṣúgà dán an wò bí o ṣe kọ́ mi, torí bí okùn bá ṣì dára, ṣúgà gbọ́dọ̀ sún kòtò. Oyèkọ́lá ní kí ni mo tún ń wá, ṣé n kò rí i pé omi mọ́ ni? Ó yíjú sáwọn èèyàn, ó kéde pé omi ti ṣeé mu. Mo dákẹ́. Ọ̀gá mi ni, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi dákẹ́, ó sì gbé ti odidi àdúgbò dání.

Lọ́jọ́ kejì mo ti okùn bọ omi ṣúgà. Ìlà nà tọ́ọ́rọ́. Wúrà ti bá hánkáṣíìfù lọ. Oyèkọ́lá ní òun ti kọ ìjábọ̀, kí n má dójú ti ẹ̀ka wa, pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Inú bí mi gan-an. Síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo tún fi ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún bàbá mi.

Láàárọ̀ yìí ni awakọ̀ Ìṣẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga yẹn kan wá fún mi. Bàbá mi ló fi ránṣẹ́. Mo sáré pè wọ́n pé kí wọ́n má mu omi yẹn mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ulé gbogbo ti ń mu ún, Olúfúnkẹ́. Ṣebí ẹ̀rọ rẹ ló ní ó dáa?” Mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni, ohun tí àwọn fọwọ́ ara àwọn yà sí mímọ́ kò lè bàjẹ́.

Nítorí náà mò ń lọ sí Ìṣẹ́ lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe òmíràn, ojú ń tì mí. Bá mi kí Ọládélé, fi ẹnu ko Ìtùnúolúwa lẹ́nu fún mi. Tí màmá rẹ bá pè ọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹnu nìkan gbà á.

Kẹ́ẹ̀gì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bó ṣe kún ni màá gbé e padà fún bàbá mi, màá kúnlẹ̀, màá sì sọ fún wọn pé ọwọ́ tí wọ́n fi ya ẹ̀rọ náà sí mímọ́ ló bà á jẹ́.

Èmi ni tìrẹ tí mo ba ẹ̀bùn rẹ jẹ́,
Olúfúnkẹ́ Afọláyan.