Mo Rò Pé Ilé Ni Wọ́n Ń Lọ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Atakpamé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí aṣọ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí. Mo kí Ìyá Àgbà, kí wọ́n má bínú pé ó pẹ́. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, tí yóò kà á sókè fún gbogbo agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́. Kí ó rọra kà á, kí ó má sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un bí ó ti máa ń ṣe.

Èsì tí ẹ ń retí ni mo fẹ́ fún yín. Àwọn ará Rọ́ṣíà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń kúrò níhìn-ín, wọ́n sì fẹ́ mú mi dání. Bàbá ránṣẹ́ pé kí n lọ, pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ọkọ̀ òkun ń pè. Ìyá ránṣẹ́ pé kí n má lọ, wọn ò sọ ìdí. Ìyá Mùsá, àbúrò Bàbá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ni kí ó dáhùn, pé àwọn ní abọ́ láti tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ọkàn mi ti rìn.

Mẹ́ta péré ni wọ́n. Ọkọ, tí a ń pè ní Mùsíọ̀ bí àwọn Faransé ti ń pe ọ̀gá, ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà irin tí wọ́n ń fà lọ sí ìhà àríwá. Màdáámù ni ìyàwó wọn. Ẹni kẹta ni ìyá Mùsíọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bábúṣíkà, èyí tí í ṣe ìyá àgbà lédè wọn. Ojú Bábúṣíkà ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé Faransé fún wọn, kí n sì máa ran Màdáámù lọ́wọ́ ní ilé ìdáná.

Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Bábúṣíkà bí ẹ ti kọ́ mi, mo kí wọn. Wọ́n wò mí, wọn ò dáhùn. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í já wọ yàrá àgbà tí kò tíì dá a lóhùn. Wọ́n ń juwọ́ sí mi, mo rò pé wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún Ìyá Mùsá pé n kò padà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bóyá etí ìyá arúgbó náà ló di, kí n lọ kúnlẹ̀ sínú etí ọ̀hún. Màdáámù ló là á yé mi. Ní ilẹ̀ wọn, a kì í kí ènìyàn kọjá igi tó dábùú ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ìjà ló máa ń fà. Ẹni tó fẹ́ kíni gbọ́dọ̀ wọlé ná. Bábúṣíkà ti rò pé ìjà ni mo ń gbé wá bá àwọn láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí mo wọlé tán tí mo kúnlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ilé yẹn ti wọ̀ mí lára. Wọ́n ní ìkòkò bàbà kan tó ga bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, sàmófà ni wọ́n ń pè é. Èédú ń jó nínú ihò àárín rẹ̀, omi yí i ká, ẹnu kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí a ti ń bu omi gbígbóná. Ó máa ń kọrin tín-ín-rín kí ó tó hó. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú gíláàsì ni wọ́n ti ń mu tíì, wọn kì í sì da ṣúgà sí i. Èso tí wọ́n fi ṣúgà sè títí tó fi ki ni wọ́n ń fi ṣíbí lá, kí tíì tó tẹ̀lé e. Níhìn-ín, mángòrò ni wọ́n ń sè. Mo bu díẹ̀ wá fún Ìyá Mùsá. Wọ́n lá a, wọ́n bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mángòrò yìí ṣẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà tó báyìí. Wọ́n sì na ọwọ́ fún ṣíbí kejì.

Ọbẹ̀ kan wà tí Bábúṣíkà ń sọ lójoojúmọ́, ọbẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi gbòǹgbò kan sè. Wọ́n gbin irúgbìn rẹ̀ sẹ́yìn ilé, òjò Atakpamé sì pa gbogbo rẹ̀. Mo ra èèpo pòròpórò ọkà pupa lọ́jà, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń sọ wàrà di pupa, mo sè é mọ́ kábéèjì àti ẹran. Ó pọ́n bí ìwọ̀ oòrùn. Bábúṣíkà tọ́ ọ wò, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ mọ ilé, adùn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ wọ́n di ojú, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Àwọn ará ìlú níhìn-ín, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, ń sọ̀rọ̀ tó jọ tiwa, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì ni mo ń gbọ́ ọ. Àárò yín a sì sọ mí. Bí kùrukùru bá bo orí òkè ní ìdájí, n kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Bábúṣíkà nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ mi ti ní ìjókòó tirẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, èso àràbà ẹ̀yìn ilé là, òwú rẹ̀ ń fò bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìró. Bábúṣíkà ní kí n mú àwọn jáde. Wọ́n dúró ní àgbàlá, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, òwú ń bà lé orí wọn. Wọ́n ní bí òjò dídì ti ń rọ̀ nílé àwọn nìyẹn. Wọ́n ní òjò náà a bo òrùlé, a bo ọ̀nà, ilé a sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ mímí ẹṣin. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn lórí funfun náà lójú àlá, ẹsẹ̀ mi kò sì tutù.

Nítorí náà, nígbà tí Màdáámù ní kí n bá àwọn lọ, mo ti gbà nínú ọkàn mi kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ẹ mọ̀ bí àwa ti ń ṣe. Oníṣòwò tó bá tà tán, ilé ló ń lọ. Iṣẹ́ Mùsíọ̀ parí, mo rò pé ilé ni wọ́n ń lọ.

Mo gbé àwòrán ilẹ̀ ayé wá, mo ní kí Bábúṣíkà fi ibi tí a ń lọ hàn mí. Wọ́n tẹ ojú mọ́ ọn, wọ́n fi ìka kan sí ìlú Parí ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ìka ọwọ́ kejì sí ilé wọn. Ọwọ́ méjèèjì jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé náà fẹ́ẹ̀ ya. Wọ́n ní àwọn tó gba ìjọba níbẹ̀ ti gba ilé náà, bí àwọn bá padà, ẹ̀wọ̀n ni. Yàrá kan ni wọ́n máa háyà ní Parí. Mùsíọ̀ yóò máa wa ọkọ̀ akérò, Màdáámù yóò máa ránṣọ. Mo bi wọ́n pé òjò dídì ńkọ́. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ló ń dà níbẹ̀.

Wọ́n wá bi mí bóyá ilé tiwa ṣì dúró. Mo ní ó dúró. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣọ́nà pé kí n má wọ̀ ọ́. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí ló wá ń lé mi. Mo ká àwòrán ilẹ̀ náà padà.

Mo sọ fún Màdáámù pé n kò lọ. Inú wọn bàjẹ́, nítorí wọ́n ti ń tú ẹ̀wù òtútù wọn kan láti fi rán tèmi. Ó dùn mí, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́sálásí. Ẹ dárí jì mí.

Àná ni wọ́n lọ. Ẹrù wà lóde, ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn sì ṣàdédé jókòó sórí àpótí láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró. Bábúṣíkà fà mí lẹ́wù, mo jókòó tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó rìnrìn àjò. A jókòó, a kò wo ojú ara wa. Ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún mi, ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà Mùsíọ̀ dìde, gbogbo wa sì dìde.

Ìyá mi, mo ń bọ̀ kí òjò tó dé. Oníṣòwò tó mú ìwé yìí wá ni yóò mú mi bọ̀ nígbà tó bá tún wá. Mo fi aṣọ díẹ̀ rán an sí Ìyá Àgbà. Mo gbọ́ pé yàrá mi ni Làmídì ń kó àgbàdo sí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn aládùúgbò tó bá bá yín gbọ́ ìwé yìí. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí ó má jẹ́ kí a ríbi tí ilé wà, kí a má lè wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣe àmín fún Bábúṣíkà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmátù