Wáyà Tó Pe Sẹ́ẹ̀lì Kan Ṣoṣo

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Bàámi ní ojú yín kejì náà ti ṣú, ìdí nìyí tí mo fi ń fi ohùn ránṣẹ́. Ara mi le koko o.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Tí ojú bá tiẹ̀ fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn ẹyọ ara tíntìntín tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ, ṣì wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú eku la fi ń dán an wò nínú àwo, wáyà tíntìntín tó ń gbé iná la fi ń ta wọ́n jí. Tí orí wáyà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo wọn á dáhùn pọ̀, bí ìgbà téèyàn pe ọmọ kan tí gbogbo ilé ń jẹ́ "hòo". Lónìí a lo èyí tó yọ ṣóńṣó sún mọ́ wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló dáhùn! Tí a bá lè máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, afọ́jú á lè rí nǹkan kedere. Èmi àti ọ̀gá mi pariwo.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ló máa dé ojú èèyàn?"

Wọ́n wò mí. "Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá rẹ?"

Mo sọ fún wọn.

Wọ́n ní, "Wá, ká lọ jẹun."

Oúnjẹ náà dùn, Màámi. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dì yín lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, ẹ má bá wọn jiyàn.