Ọwọ́ Tó Dákẹ́

Ọmọ mi,

Àlàáfíà la wà o. Labalábá rẹ, ọmọ tó o fi sọ́dọ̀ mi, ń jẹun, ó ń sùn. Kò ju ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fò mọ́ rárá. Inú rẹ á dùn.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dé ilé ìtọ́jú, olùtọ́jú ẹ̀ pa iná tó ń ta á lójú, ó tẹ́ ẹní rírọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa ju ọwọ́ ẹ̀. Yàrá là ń tún ṣe, a ò tún ọmọ ṣe." Mo ní ta ló bí i, tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ? Tá a bá délé, tó bá ju ọwọ́, mo máa ń gbá a lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó jọ ọmọ ẹlòmíì kó tó padà wá bá ọ.

Ọmọ náà gbọ́, ó fi ọwọ́ jíjù sílẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀ sì bá ọwọ́ jíjù náà lọ, àti "ìyá" kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n pè.

Nígbà tí olùtọ́jú rí i, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yẹn ló fi ń bá yín sọ̀rọ̀." Kò bú mi. Ká ní ìyá rẹ wà láyé, ọwọ́ tèmi ni ì bá gbá.

Ẹni tó ń bá mi kọ̀wé ní kí n fi ìrètí díẹ̀ sí i. Mi ò ní.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Tó o bá pè wá, má pè é ní Labalábá mọ́. Tó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń wò.

Bàbá rẹ