Ẹ Fi Ère Dókítà Sílẹ̀ Ná, Ẹ Ṣílẹ̀kùn fún Yẹ́misí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Apo, ní Àbújá níbí. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo agboolé. Ọyẹ́ ti la ètè wa, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo wà láàyè. Ìbínú ló mú mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ kò gbé fóònù mi mọ́, mo ní kí Fúnmi, ìyàwó Dèjì ọmọ mi, máa kọ ohun tí mo bá ń sọ, kó fi í sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí akọ̀wé sì kà á síta fún àwọn tí kò mọ̀wé bíi tèmi. Fúnmi ní kí n rọra. Mo ní kó kọ ohun tó gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ mọ ère Dókítà Jídé sí oríta. Jídé ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, dókítà ọkàn, tó kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ère náà á wọ kóòtù funfun, ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo wa la dáwó, títí kan Dèjì tó ń tún mọ́tò ṣe nínú ọ́ìlì láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ tí Jídé kọ́ níṣẹ́ gbé ẹ̀rọ láti Àbújá wá sílùú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ọkàn àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìwádìí tí ọ̀gá àwọn ń ṣe kó tó kú nìyẹn. Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn? Alága ìgbìmọ̀ ère.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, pé wọ́n á lọ tà á. Ẹ ní Yẹ́misí, ìyàwó ọmọ yín, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ, àjèjì kankan kò ní wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ wá ń yangàn fún mi pé ìyàwó yín mọ ìtọ́jú ọlọ́mọ tuntun ṣe, pé Yẹ́misí ti sanra débi pé òrùka kò wọ ìka rẹ̀ mọ́, bàtà kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi yín pé báwo ló ṣe ń sùn. Ẹ ní ìjókòó ló ń sùn, ó ń fara ti ògiri, ọmọ ni kì í jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọmọ.

Nígbà tí Fúnmi bí àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mo wá tọ́jú rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìlú yìí nìyẹn, ìlú tí kálukú ń ti géètì mọ́ra rẹ̀, tí mo lè wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgbọ́ ẹ kú ìjókòó. Mo ń fi omi gbígbóná jó o lára, mo ń po ẹ̀kọ oníkáún fún un, bí ìyá wa ṣe ń ṣe. Ojú rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún. Ará Kánò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kí mi ní sànnu, sànnu, pé ọwọ́ mi dára. Ìgbà tó yá, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ó ń wú ikọ́. Dèjì gbé e lọ sílé ìwòsàn, Jídé la bá níbẹ̀.

Ó fi ẹ̀rọ wo àyà rẹ̀, ó sì fi ọkàn náà hàn mí lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n. Ó tóbi, ó sì ń mì bí ohun tó ti rẹ̀. Ó ní ìbímọ máa ń sọ ọkàn àwọn obìnrin kan di aláìlera, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Omi tí ọkàn kò lè gbé ló ń dúró sẹ́sẹ̀ àti inú ẹ̀dọ̀fóró, káún mi sì ń dá kún un. Mo bá a jà. Mo ní káún ni mo mu bí gbogbo ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n ọkàn yín kọ́ ló wà lójú ẹ̀rọ yìí. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní gbogbo ohun tí mo ń sè, bí omi ṣe ń gbóná tó, ta ló kọ́ mi. Ó ní ìwádìí tí kò bá dé ìdí ìkòkò ọlọ́mọ tuntun, òun kò kà á sí ìwádìí. Fúnmi tó ń kọ̀wé yìí ṣì ń lo oògùn tó fún un. Ó ń mí.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń bínú? Ẹ fẹ́ràn Jídé nígbà tó ti di sìmẹ́ǹtì. Ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ọ lọ́rùn yẹn kò ní gbọ́ àyà ẹnikẹ́ni. Bí Yẹ́misí bá kú, iwájú ère yẹn ni wọ́n máa gbé òkú rẹ̀ kọjá.

Dèjì ti gbéra láàárọ̀ yìí, ó ń bọ̀ wá gbé Yẹ́misí. Kò wá bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí Yẹ́misí àti ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò, kó jókòó, kó má dùbúlẹ̀. Kí ìyàwó yín da ẹ̀kọ káún tó ń pò fún un yẹn nù lónìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Jídé ti ní àwọn ń retí rẹ̀ ní Àbújá níbí. Ẹ̀yin aboyún àti ọlọ́mọ tuntun tó ń gbọ́ mi, bí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ wá, ẹ má béèrè lọ́wọ́ alága kankan.

Ẹ máa sọ pé mo dójú tì yín níwájú ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ẹ kí gbogbo ilé. Ọlọ́run á dá Yẹ́misí sí fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ lè bínú sí mi pẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Ìyá Dèjì