Búrẹ́dì Tó Ń Ta Sánsán bí Ọmọ Tuntun

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí,
Ọ̀nà Àyèká,
Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Morìnsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró sinmi? Bàbá ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù? Mo mọ̀ pé òtútù ti ń mú yín ní Valencia báyìí. Níbí, oòrùn ló ń lù wá. Ara mi le, mò ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ìkálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bí sídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ìgbà kẹta rèé tí mo dìde nídìí lẹ́tà yìí. Mo ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Yorùbá nìkan ni mo fi kọ ọ́ bí a ṣe ṣàdéhùn, má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni. O rántí búrẹ́dì róbótó kéékèèké tí Lucas, oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ ilé yín, kọ́ wa, èyí tó dùn, tí wọ́n ń fi èso áníìsì sí. Òun ni mo fẹ́ fi kí Àǹtí Abọ́sẹ̀dé káàbọ̀. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Àwọn àti ọkọ wọn ló gbà mí sílé láti oṣù Kẹfà tí mo ti Valencia dé, kí n lè kọ́ èdè wa dáadáa. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n nítorí iṣẹ́ wọn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ṣègbéyàwó, wọn kò tíì bímọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n lọ gbé ilé àdúrà ìjọ wọn ní Ìjù-Odò fún oṣù méjì gbáko. Alẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀. Kò sí ààrò búrẹ́dì níbí, mo bá da yanrìn sínú ìkòkò irin ńlá kan, mo gbé e ka èédú, mo to búrẹ́dì sínú páànù, mo sì gbé páànù lé yanrìn. Ti àkọ́kọ́ jóná nídìí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wú dáadáa. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, ó fò kọjá ògiri. Inú mi dùn débi pé mò ń dá orin kọ.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé níbí, kò sẹ́ni tó mọ òórùn yẹn mọ́ búrẹ́dì. Gíráìpù wọ́tà, oògùn inú-rírun tí wọ́n ń fún ọmọ jòjòló mu, bó ṣe ń ta sánsán gan-an nìyẹn. Ilé tí òórùn yẹn bá ti jáde, ọmọ tuntun wà níbẹ̀. Ìwọ rò ó wò: obìnrin tó ń wá ọmọ lọ sílé àdúrà fún oṣù méjì, ó dé lálẹ́, kò yọjú síta, nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, òórùn ọmọ gba àdúgbò. Àwọn obìnrin ìjọ wọn sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi oyún pamọ́ sábẹ́ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀.

Ìyá Treasure tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ló ṣáájú. Àwọn mẹ́rin ni, pọ́dà kún ọrùn wọn, wọ́n ń jó wọlé.

"Tíṣà! Tíṣà, ẹ kú ewu o! Ẹ fi pamọ́ fún wa, àbí? Ẹ burú!"

"Akọ ni àbí abo? Ẹ gbé e jáde jàre!"

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ sá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ wo?"

Ìyá Treasure ní, "Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Imú mi kì í tàn mí. Ọmọ márùn-ún ni mo fi gíráìpù wọ́tà tọ́."

Ìgbà náà ni èmi òmùgọ̀ gbé páànù jáde láti ilé ìdáná, tí mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, búrẹ́dì ló ń ta sánsán." Mò ń rẹ́rìn-ín, Morìnsọ́lá. N kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Búrẹ́dì?" Ìyá Treasure wo páànù, ó wo Àǹtí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró nu ọrùn rẹ̀. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n bu omi wá. Kò sẹ́ni tó mu ún. Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, Àǹtí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, "Ṣé o ti jẹun?" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ìyá Treasure kò gba iwájú ilé wa mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ pọnmi. Bọ̀ọ̀dá Olúsọjí, ọkọ Àǹtí, ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé yóò tán nínú wọn. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo padà, mo tún lọ. Mo kọ ẹ̀bẹ̀ sínú ìwé, mo fà á ya. Mo rò pé wọn yóò ní kí n máa padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín, n kò sì ní lè sọ pé wọ́n ṣe àṣejù.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n jáde wá bá mi ní ilé ìdáná. Wọ́n ní kí n gbé ìgò áníìsì wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dà á nù ni. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ títí, wọ́n wá jókòó sórí àpótí.

"Inú bí mi sí ọ," wọ́n ní. "Ó ṣì ń bí mi díẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Àǹtí. N kò mọ̀ ni."

"Dìde jàre, ilẹ̀ ń gbóná. Kì í ṣe ìwọ lo pa mí lẹ́kún. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe sáré? Ìyá Treasure ò tiẹ̀ wọ bàtà. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn, pé bí mo bá ń kọjá, àánú mi lásán ló ń ṣe wọ́n. Àṣé wọ́n ṣì ń bá mi retí ọmọ."

Mo dìde. Wọ́n fa abọ́ ìyẹ̀fun sọ́dọ̀, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn. Ọwọ́ tó ti ro púpurú láti kékeré! Wọ́n pò ó títí tó fi ń dán. Wọ́n ní ṣúgà mi ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dín áníìsì kù, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

Nígbà tí búrẹ́dì tutù, wọ́n kó mẹ́wàá sínú abọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n gba iwájú ilé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Treasure. Wọ́n ní kí n má tẹ̀lé àwọn. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Mo wà nídìí fèrèsé, mò ń kọ̀wé, mò ń gbọ́. Èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n ń sọ yára ju etí mi lọ, orúkọ mi nìkan ni mo mú nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnìkan sunkún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde. Ní báyìí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí ni.

Bá mi kí màmá àti bàbá yín dáadáa, kí o sì sọ fún Lucas pé yanrìn kò ba búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́. N óò dákẹ́ níbí, nítorí Àǹtí ń pè mí láti ẹ̀yìn ògiri pé kí n kó ìyókù bọ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta tó kù ti dé.

Èmi ni tìrẹ tí kò lè jókòó sójú kan,
Jùwọ́nlọ́lá